Obìnrin Tó Ń Kọ Ìtàn Sójú Wàláà

Ẹni tí kò bá gbé irú ilé tí a gbé rí kò lè mọ̀ pé ilẹ̀kùn lásán lè ba èèyàn lẹ́rù ju ejò lọ. Ilẹ̀kùn onírin ni tiwa, ní àdúgbò Ùtáíbíyà ní Mẹ́kà. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún, ìpẹtà sì ti jẹ ìdí rẹ̀ débi pé ológbò ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni wa kì í lu ilẹ̀kùn náà. Ẹni wa á dúró níta, á fi èékánná ha á, á wá pe, “Àlàájà o!” Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá lu irin náà gbàgbàgbà láìsí ohùn tó tẹ̀ lé e, gbogbo ilé á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi á gbé áyọ́ọ̀nù dúró lókè aṣọ, Ìyá Àgbà á di tẹ̀sùbáà rẹ̀ mú pinpin, àbúrò mi Múbà, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi láti àárọ̀ dalẹ́, á ki ìka bọ ẹnu. Jawásáàtì ni à ń bẹ̀rù, àwọn ọlọ́pàá tó ń wá ẹni tí kò ní íkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. A wá ṣe Háájì, a kò padà sílé mọ́, ìwé wa sì ti kú. Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí, Ìwó ni mo sì ń gbé, síbẹ̀ bí ọmọ kan bá lu géètì mi láì pè mí, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó rántí pé ilé bàbá mi ni mo wà.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, owó epo ti dé, kò sì sí òkè tí wọn kì í gé. Láti ìdájí ni katapílà á ti máa ha ara òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa, eruku rẹ̀ á sì wá bà lé aṣọ tí a bá sá, a ó tún un fọ̀. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ni ilé wa ń ṣe. Ilé tí àwọn onírìn-àjò ń wọ̀ sí nítòsí Háràmù, mọ́ṣáláṣí ńlá Mẹ́kà, ni aṣọ ti ń wá, aṣọ ìbora funfun àti ìhúráàmù tí wọ́n fi ń ṣe Háájì, ìdì lórí ìdì. Omi ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní wáìtì ni à ń rà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wọ inú ọpọ́n ńlá kí n máa fi ẹsẹ̀ tẹ aṣọ nínú ọṣẹ, bí ẹni ń jó ijó tí kò ní ìlù. Jẹ́dà ni bàbá mi ń gbé, ní Ṣàràfíyà, òun àti àwọn lébìrà ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú yàrá kan, sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń já ní èbúté. Òun ní ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó dúró fún un kò dúró fún ìyàwó àti ọmọ. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wálé, pẹ̀lú ẹja àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní tàmíìsì. Ìyá Àgbà kì í yéé bú búrẹ́dì náà. Á ní, “Ẹ wò ó bó ṣe fẹ̀! Ṣé ká jẹ ẹ́ ni àbí ká tẹ́ ẹ sùn?” Á sì jẹ tirẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó mú ọwọ́ lọ sẹ́nu.

Ìyá Àgbà yìí ló bí bàbá mi. Òun ni olórí ilé nígbà tí bàbá kò bá sí, àti nígbà tí bàbá bá wà pẹ̀lú. Ó kéré lójú, ohùn rẹ̀ sì tinrín, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti sọ, ó ti di òfin. Nǹkan kan wà tí kò gbà lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni ìbúra. Ní ìlú yẹn, bí wọ́n bá ń ta tòmátì, wọn á búra. Bí wọ́n bá ń rà á, wọn á búra. Múbà, tí wọ́n bí síbẹ̀, tó sì jẹ́ pé èdè Lárúbáwá ló fi ń dá wa lóhùn, kọ́ ìbúra náà lójú pópó. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ pé “Wàláhì” nítorí ègé mọ́ínmọ́ín kan, Ìyá Àgbà fà á létí títí dé ìdí garawa, ó ní kó yọ ẹnu. Ó ní, “Ẹni tó bá fi Ọlọ́run búra irọ́ nínú ìlú Rẹ̀, ó dà bí ẹni tó tutọ́ sí onílé lójú nínú ilé onílé. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mi ò búra rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Òótọ́ ọ̀rọ̀ tó mi í sọ, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi gbè é lẹ́sẹ̀.” Mo gba èyí gbọ́ bí mo ṣe gbà gbọ́ pé oòrùn gbóná.

Ó di ọjọ́ kan tí òun àti ìyá mi lọ kírun ní Háràmù, wọ́n sì mú obìnrin pupa kan bọ̀. Ẹ̀rù ti ba obìnrin náà débi pé kò lè bọ́ bàtà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá mi sọ fún wa pé ẹ̀gbẹ́ wọn ló ti kírun, ó ń sunkún, gbogbo obìnrin yòókù ká ọwọ́ lé àyà, yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, òun nìkan ló ju ọwọ́ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí àwọn àgbà Ìwó ṣe máa ń ṣe. Ohun tí Ìyá Àgbà rí nìyẹn tó fi dì í lápá. Ó ní, “Ará wa ni. Ọ̀nà Màlíkì ló ń tọ̀, ẹ ò rí ọwọ́ rẹ̀ ni?” Nígbà tí bàbá dé láti Jẹ́dà, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin náà, ó gbá orí mú. Ó ní, “Ìyá mi, ará Ìráànì ni. Ṣíà ni. Àwọn náà kì í ká ọwọ́.” Ìyá Àgbà wò ó títí. “A ti fún àlejò lómi mu,” ó ní, “ṣé kí a wá ní kó pọ̀ ọ́ ni?” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é, nítorí olùkọ́ ló jẹ́ nílùú rẹ̀, ṣùgbọ́n Máhíìnì ni orúkọ rẹ̀.

Èdè Lárúbáwá inú ìwé ló ń sọ, ti ọjà sì ni tiwa, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ń yé wa, bí a ṣe ń fún aṣọ pọ̀. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ olùkọ́, ó ń kọ ìwé ìtàn. Àkọ́kọ́ tó kọ, àwọn ọmọbìnrin tí ń hun ẹní ni ó sọ̀rọ̀ wọn, àwọn tí ẹ̀yìn wọn ń tẹ̀ nítorí ìjókòó. Ará ìlú fẹ́ràn ìwé náà. Èkejì dá lórí olùkọ́ kan tí wọ́n mú láàárín kíláàsì, tí àwọn ọmọ kò sì gbọdọ̀ béèrè ibi tó lọ. Ìyẹn ni àwọn aláṣẹ kò gbà. Wọ́n kó ìwé náà kúrò lórí àtẹ, wọ́n ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé. Òun wá ṣe Úmúrà, ìyẹn Háájì kékeré, pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin láti gbàdúrà fún ọkọ náà, Mẹ́kà ló sì wà nígbà tí àbúrò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti ẹnu onírìn-àjò kan pé wọ́n ti wá a dé ilé, kó má padà wá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó kù. Bàbá mi ló la ọ̀rọ̀ náà fún wa, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́: “Àwa, bí wọ́n bá mú wa, ìtìjú ni. Ìwó ni wọ́n ó dá wa padà sí. Bí wọ́n bá mú òun, ọkọ̀ òfuurufú ìlú rẹ̀ ni wọ́n ó fà á lé lọ́wọ́, a ò sì ní gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́.” Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù tèmi ti di méjì, mo ń bẹ̀rù fún wa, mo sì ń bẹ̀rù fún un.

Bí ẹja ṣe ń fẹ́ omi ni Tíṣà ṣe ń fẹ́ ìwé kíkọ. Ó béèrè bébà. Ìyá Àgbà ní láéláé, kò ní ṣẹlẹ̀ nínú ilé òun. Ó ní ìdí, nítorí àwọn ará ìlú yẹn gbà pé oníṣẹ́ oògùn ni àwa dúdú tí wọ́n ń pè ní Tákrúnì. Ilé ará wa kan wà ní Rùséífà tí wọ́n bá bébà tí a kọ nǹkan sí lára, wọ́n pè é ní síhírì, ìyẹn àfọ̀ṣẹ, a ò rí baálé ilé náà mọ́. Bébà onílẹ́tà Ìráànì nínú ilé Tákrúnì tí kò ní ìwé! Ẹ ro ìyẹn wò. Ìyá mi ló rí ọ̀nà. Èmi kò lè lọ sílé ìwé nítorí íkámà, nítorí náà ilé ni mo ti ń ké kéú, lójú wàláà, pátákó kéú ti bàbá bàbá mi tí a gbé ti Ìwó wá. Àárọ̀ ni tèmi. Ọ̀sán, ìyá mi gbé wàláà náà àti kálámù àti tàdáwà, ìyẹn yíǹkì rẹ̀, fún Tíṣà, ó ní, “Báyìí ni àwọn ọmọ wa ṣe ń mọ Kùránì. Kọ ọ́, kà á títí yóò fi wọ orí rẹ, kí o fọ̀ ọ́.” Tíṣà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń jókòó sí ìdí àtẹ̀gùn òrùlé lójoojúmọ́, á kọ ojú wàláà kan, á dijú, á máa kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ọmọ kéú, orí rẹ̀ á máa mì síwá sẹ́yìn. Bí ó bá ti há a sórí, á da omi sí i, ìtàn náà á ṣàn lọ. Mo ti rí àwọn tó ń kọ ìwé láti ìgbà náà, lórí ẹ̀rọ oríṣiríṣi. Mi ò tíì rí ẹni tó gbé odindi ìwé sínú orí nítorí ẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò ṣàn lọ sílẹ̀. Abọ́ tánganran ni Ìyá Àgbà gbé sábẹ́ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, lẹ́tà Ọlọ́run ni gbogbo lẹ́tà tó bá ti ń ti ọ̀tún bọ̀ sí òsì, bí Tíṣà sì ṣe ń mi orí, ta ni kò ní rò pé Kùránì ni? Omi wàláà, tí à ń pè ní hàntú, kì í ṣe ohun tí a ń dà nù nílé wa, oògùn ni. Nígbà tí ibà mú Múbà, ó fún un mu, ara rẹ̀ sì yá. Ló bá di pé gbogbo wa ń mu ún, ìyá mi nítorí ẹ̀yìn ríro, èmi nítorí kí n lè ní ọpọlọ, Ìyá Àgbà nítorí jawásáàtì. Ọ̀sán kan ni Tíṣà bọ́ sílẹ̀ látorí àtẹ̀gùn, ó bá abọ́ náà lẹ́nu mi. Ó figbe ta. “Kùránì kọ́! Kùránì kọ́ ni, Màmá!”

“Kí wá ni?” Ìyá Àgbà béèrè.

“Ìtàn ni. Èmi ni mo rò ó. Obìnrin inú rẹ̀ kò sí láyé.”

Mi ò lè gbàgbé ojú Ìyá Àgbà. Ẹ̀rù bà á gidigidi, àwọ̀ rẹ̀ ṣú. Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ó wọlé lọ, ó tún àlùwàlá ṣe. Èmi náà ń di ikùn mú. Mo rò pé obìnrin tí kò sí láyé ti wà nínú mi, pé yóò jí lọ́jọ́ kan, yóò sì máa sọ èdè tí mi ò gbọ́. Nígbà tí a jẹun alẹ́ tán, Ìyá Àgbà nu ẹnu, ó kọjú sí Tíṣà. Ó ní, “Ó dáa. Obìnrin tí o ní a gbé mu yìí, kí ló ṣe é?”

Tíṣà wá sọ ọ́. Ìyá kan ni, wọ́n ti ọmọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń gbé ìrẹsì aládùn lọ sí ẹnu géètì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ á gbà á, wọ́n á gbé abọ́ padà fún un lófìfo, á dúpẹ́, á lọ. Kò mọ̀ pé ọmọ náà ti kú tipẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ń jẹ ìrẹsì náà. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà ti ń fi àpò aṣọ sílẹ̀ lọ́sàn-án, á lọ jókòó sí ìdí àtẹ̀gùn, á béèrè pé, “Ṣé wọ́n ti sọ fún un lónìí?” Tíṣà á ní, “Wọn ò tíì sọ, Màmá.” Ìyá Àgbà á wá ṣépè fún àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á bú ìran wọn, á sì kìlọ̀ fún Tíṣà pé kó má jẹ́ kí obìnrin náà gbọ́ ọ́ lẹ́nu ẹni ibi. Tíṣà sọ fún ìyá mi pé òun kò ní ẹni tó ka ìwé òun báyìí rí.

Ọjọ́ tí àwọn jawásáàtì dé, lẹ́yìn ìrun Àsárì ni. A ti gbọ́ pé wọ́n ń ká àdúgbò kiri, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni a ń gbọ́ bẹ́ẹ̀, etí wa sì ti kú sí i. Gbàgbàgbà! Kò sí ohùn. Aṣọ ìbora kan ń kán omi lọ́wọ́ ìyá mi. Tíṣà wà lórí àtẹ̀gùn, wàláà kún fún tàdáwà tútù, kò sì tíì há ojú ìwé náà rárá. Ó gbá wàláà náà mọ́ àyà. Ìyá Àgbà, tí orúnkún kì í jẹ́ kó yára, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí n tó ṣẹ́jú, ó já a gbà, ó tì í bọ inú ọpọ́n ọṣẹ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fọ̀ ọ́. Mo rí omi náà tó dúdú lẹ́ẹ̀kan, tó sì funfun padà. Àwọn ọkùnrin náà já ilẹ̀kùn. “Íkámà! Íkámà!” Kò sí èyí tí a lè nà sí wọn. Wọ́n ní kí gbogbo wa wọ ọkọ̀. Nínú ọkọ̀, abẹ́ ìbòjú ni gbogbo obìnrin wà, mi ò sì mọ ọwọ́ ta ni ọwọ́ ta, àfi ti Tíṣà tó tutù bí omi àmù. Ìyá Àgbà fi ẹnu sún mọ́ ọn. Ó ní, “Gbọ́ mi. Láti ìsinsìnyí lọ, ọmọ mi ni ọ́. Ẹnu rẹ, pa á dé.”

Jẹ́dà ni wọ́n kó wa lọ, sí gbọ̀ngàn ńlá kan tó gbóná bí inú ààrò. Wọ́n ń to èèyàn ní orílẹ̀-èdè orílẹ̀-èdè, ẹni tí kò bá rí orílẹ̀-èdè tó gbà á, ẹ̀gbẹ́ ibòmíràn ni wọ́n ń mú un lọ, àwọn tí wọ́n mú lọ síbẹ̀ kò sì padà. Ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì orílẹ̀-èdè tiwa, Yorùbá ni, ó wọ awò ojú, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ń béèrè orúkọ àti ìlú, ó ń fọwọ́ sí i fún oníkálukú. Èmi mọ̀ pé bí kò bá fọwọ́ sí ti Tíṣà, ó parí. Bàbá mi kò mọ ibi tí a wà. Ó wá kan Tíṣà. Ó kúnlẹ̀, bó ṣe rí wa tí a ń ṣe, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà,” ohùn rẹ̀ sì wọ́ lọ síbi tí ohùn ọmọ Yorùbá kì í lọ. Ọkùnrin náà bọ́ awò rẹ̀.

“Àlàájà, ará ibo nìyí?”

“Ìwó ni,” Ìyá Àgbà dáhùn. “Ọmọ mi ni.”

“Pẹ̀lú àwọ̀ yìí?”

“Fúlàní ló bí i. Èmi ni mo tọ́ ọ.”

Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láyé mi nìyẹn. Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn, ó wo àwọn ọlọ́pàá tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyá mi, èmi náà ní ọmọ nílé. Tí mo bá fọwọ́ sí i, tó bá di irọ́, orí mi ni. Ẹ fi Ọlọ́run búra fún mi pé ọmọ yín ni, n óò fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá Háràmù gbé, mi ò ní bi yín léèrè mọ́.”

Mo gbé ojú mi sí ẹnu Ìyá Àgbà. Mo ń retí pé òrùlé á ya. Ẹ̀rù Ọlọ́run tó bà mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì rí irú rẹ̀ mọ́. Múbà gbọ́ ohun tí wọ́n bi í, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ìyá mi sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Ìyá Àgbà dìde láti ibi tó jókòó sí, nítorí kò fẹ́ jókòó sọ ọ́. Tíṣà ń mi orí sí i pé rárá, rárá, omi ń dà lójú rẹ̀, òun náà mọ ohun tí ìbúra jẹ́ fún ìyá yìí. Ìyá Àgbà kò wò ó. Ó ní, “Wàláhì. Bìláhì. Tàláhì. Ọmọ mi ni.” Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pè, kò gbé ọ̀kan mì. Ọkùnrin náà fọwọ́ sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá obìnrin Ìráànì padà sí Nàìjíríà. Yàrá ẹ̀yìn ni a fún un ní Ìwó, a ra bébà fún un, ó sì jókòó, ó da gbogbo ohun tó wà nínú orí rẹ̀ sórí bébà náà, àfi ojú ìwé tí Ìyá Àgbà fọ̀ nù, èyí tó ní òun wá títí òun kò rí i mọ́. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn rẹ̀ tí wọ́n ti sá lọ sí òkè òkun rí ọ̀nà gbà á sọ́dọ̀ wọn. Ìwé náà jáde níbẹ̀, ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, kò sí ẹni tó lè kà á nínú wa. Bàbá mi padà dé, a kọ́lé, ayé ń lọ. Gbogbo wa ń sọ ìtàn náà tẹ̀ríntẹ̀rín níbi ìkómọ àti níbi ìsìnkú, bí Ìyá Àgbà wa ṣe bí òyìnbó Ìráànì lọ́jọ́ ogbó. Ìyá Àgbà kì í bá wa rín.

Àṣé ó ti lọ bá àáfà. Ó béèrè ìtánràn tí òun lè ṣe, ṣé kí òun gbààwẹ̀ ni, àbí kí òun bọ́ tálákà. Àáfà sọ fún un pé ẹni tó bá mọ̀ pé irọ́ ni kó tó fi Ọlọ́run búra, kò sí ìtánràn fún ìyẹn lọ́nà Màlíkì tiwa. Àfi kó máa tọrọ àforíjìn, kó sì máa retí àánú Ọlọ́run. Ohun tó gbé sọ́kàn nìyẹn ní gbogbo ọdún tí a rò pé ó ń sinmi. Èmi ló sọ ọ́ fún nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá a dùbúlẹ̀, ọ̀sán ni, àwọn yòókù wà níta.

“Ẹ̀rù ń bà mí, Ràfíátù,” ó ní. “Ọlọ́run máa bi mí.”

Mo ní, “Kí lẹ máa sọ?”

Ó ní, “Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n óò fi bẹ̀ Ẹ́. Mo fẹ́ sọ pé mo kábàámọ̀. Mi ò rí i sọ. Tí ọkùnrin yẹn bá tún bi mí lọ́la, ohun kan náà ni mo máa wí.” Ó ní kí n má fi ọwọ́ òun sílẹ̀.